Bí a ṣe ń fọ àkọ̀ okó ẹṣin láì dá a lóró

Bí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́ etílé, ọwọ́ gbogbo ẹni tó ní ẹṣin ní Ìjẹ̀bú-Òde máa ń dí. Wọ́n ń rán aṣọ ẹṣin, wọ́n ń fi òróró ra gàárì, wọ́n ń fọ ẹṣin títí ara rẹ̀ á fi máa kọ mànà. Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ wọn kì í dé: abẹ́ akọ ẹṣin, níbi tí okó rẹ̀ ń sá wọ̀. Àwọn tó sì ń dé ibẹ̀, ọṣẹ ìfọṣọ ni wọ́n máa ń gbé dání. N ó pe okó ní okó nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí ẹlẹ́ṣin tí ojú ń tì láti dárúkọ ibẹ̀ kò ní lè ṣàlàyé fún dókítà ẹran lórí fóònù lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣe.

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀: ẹ máa yẹ ibẹ̀ wò lóòrèkóòrè, ẹ máa fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ọṣẹ sílẹ̀ fún aṣọ.

Ohun tó wà níbẹ̀

Àkọ̀ okó ẹṣin kì í ṣe awọ kan ṣoṣo. Ti ìta wà, èyí tí gbogbo ayé ń rí lábẹ́ ikùn. Ìṣẹ́po mìíràn tún wà nínú, tó máa ń nà jáde bí okó bá ti ń sọ̀kalẹ̀, tó sì máa ń ká padà bó bá ti ń wọlé. Àárín àwọn ìṣẹ́po yìí ni èérí ń kó jọ sí.

Ní orí okó fúnra rẹ̀, ihò ìtọ̀ yọ síta díẹ̀ bí orí ìka ọmọdé. Kòtò kan yí i ká. Nínú kòtò yẹn, lápá òkè ihò ìtọ̀, àpò kékeré kan wà tí ojú kì í tètè rí. Ẹ fi àpò yìí sọ́kàn, a ó padà débẹ̀.

Èérí tí mò ń wí yìí kì í ṣe àìsàn. Epo tí awọ ń sun ni, pẹ̀lú awọ tó ti kú tó ń bó, eruku, àti ìyókù ìtọ̀. Ó lè rọ̀ kó máa yọ̀, ó sì lè gbẹ kó máa ṣí ní pẹlẹbẹ. Dúdú ni lára ẹṣin kan, eérú ni lára òmíràn. Ó ń rùn, òórùn rẹ̀ kì í sì í tètè kúrò lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ wúlò fún awọ, torí awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, epo yẹn ni kì í jẹ́ kó bó. Ẹni tó bá fẹ́ kí ibẹ̀ mọ́ fónífóní bí abọ́ ìjẹun, wàhálà ló ń wá.

Gbogbo akọ kọ́ ló rí bákan náà. Púpọ̀ nínú ẹṣin tí a ń gùn lójú ọdún nílẹ̀ wa, láti Ìlọrin dé Ìjẹ̀bú, akọ tí a kò tẹ̀ lọ́dàá ni wọ́n. Irú wọn máa ń yọ okó síta dáadáa, pàápàá bí abo bá wà nítòsí, nítorí náà èérí wọn kì í sábà dì. Èyí tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá ló ń fa iṣẹ́. Kì í sábà yọ okó rẹ̀ tán. Òmíràn kì í tilẹ̀ yọ ọ́ rárá bó bá ń tọ̀, inú àkọ̀ ni yóò tọ̀ sí, ìtọ̀ á pò mọ́ èérí, á sì dì. Àwọn tó ń gbá pólò ní Èkó àti Ìbàdàn mọ irú ẹ̀ dáadáa. Abo ló pọ̀ jù nínú ẹṣin wọn, ṣùgbọ́n bí akọ bá wà níbẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ èyí tí a ti tẹ̀.

Ìgbà wo ló yẹ ká fọ̀ ọ́?

Kò sí ọjọ́ tí a yàn. Fún ọ̀pọ̀ ẹṣin, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó. Àwọn kan fẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Àwọn mìíràn wà tí ẹ ó máa yẹ̀ wò lọ́dọọdún tí ẹ kò ní rí nǹkan kan tó tó fọ̀. Ìyẹ̀wò ni ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó pẹ́: bí oṣù kan bá kọjá láìwo ibẹ̀, ó ti pọ̀ jù, pàápàá bí ẹṣin náà bá ti dàgbà, tàbí bí awọ okó rẹ̀ bá pupa dípò kó dúdú. N ó sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Ìgbà tó rọrùn jù láti wò ó ni ìgbà tí ẹṣin fúnra rẹ̀ bá yọ ọ́ síta. Ọ̀pọ̀ ẹṣin á tọ̀ bí wọ́n bá ti padà dé ibùso tí wọ́n bá koríko gbígbẹ tuntun nílẹ̀. Òmíràn á tú u sílẹ̀ bí ẹ bá ń fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́ lára tó ń tòògbé. Ẹ tẹjú mọ́ ọn nígbà náà. Ẹ wo bí ìtọ̀ ṣe ń dà: ṣé ó ń lọ tààrà, àbí ó ń fọ́n ká? Ṣé ẹṣin náà ń na ara tó ń kérora?

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ọdún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìfọ̀ yìí sí alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Ojúde Ọba. Awọ ibẹ̀ lè wú díẹ̀ tàbí kó máa yún un lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹṣin tí abẹ́ ń yún kò ní dúró jẹ́ẹ́ níwájú Awùjalẹ̀ pẹ̀lú ariwo ìlù àti ìbọn. Ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Iléyá, ara rẹ̀ á ti balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ

Ibí yìí ni mo máa ń bá àwọn ènìyàn jiyàn jù. Ọṣẹ dúdú, ọṣẹ lúbúlúbú, Dettol, Izal, gbogbo rẹ̀ ni mo ti rí tí wọ́n dà sínú garawa, tí wọ́n ń sọ pé ó ń pa kòkòrò. Ó ń pa á lóòótọ́, ìyẹn gan-an ni àbùkù rẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà lára awọ yẹn tí wọn kò ṣe ẹṣin ní nǹkan, tí wọ́n sì gba ààyè lọ́wọ́ àwọn tó burú. Àwọn tó ń mú ẹṣin bí ti rí i lára akọ ìbísí pé bí a bá ń fi ọṣẹ apakòkòrò wẹ okó wọn léraléra, kòkòrò burúkú Pseudomonas àti Klebsiella ló máa ń gba ibẹ̀ kan, àwọn méjèèjì sì ń kó àrùn wọ inú ilé ọmọ abo tí akọ náà bá gùn. Yàtọ̀ sí èyí, ọṣẹ tí a kò ṣàn kúrò tán nínú ìṣẹ́po awọ á máa jẹ ẹ́ lára fún ọjọ́ púpọ̀.

Omi lásán ló dára jù. Bí èérí bá ti gbẹ mọ́ awọ, òróró díẹ̀ ni ẹ ó fi rọ̀ ọ́: òróró ọmọ ọwọ́ tí kò lóòórùn, tàbí òróró àgbọn.

Ohun tí ẹ ó kó sílẹ̀

Ẹ wá garawa méjì. Omi mímọ́ ni yóò wà nínú ọ̀kan, òfìfo ni èkejì, inú rẹ̀ ni ẹ ó máa ju òwú tó ti dọ̀tí sí. Òwú tó bá ti kan ẹṣin kò gbọ́dọ̀ padà sínú omi mímọ́. Kí omi náà lọ́ wọ́ọ́wọ́. Bó bá jẹ́ inú táǹkì dúdú tí oòrùn ń pa lẹ ti fà á, ẹ fi ẹ̀yìn ọrùn ọwọ́ yín tọ́ ọ wò, torí omi táǹkì lọ́sàn-án gangan lè bó awọ.

Ẹ wá òwú rẹpẹtẹ tàbí akísà rírọ̀ mímọ́, òróró, aṣọ ìnura kan, àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Kàìnkàìn kọ́, fọ́ọ̀mù tí a fi ń wẹ gbogbo ẹṣin inú ibùso kọ́.

Kí ẹ pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ láti orí ẹṣin kan sí òmíràn, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfíníjù. Ní 1977, àrùn ilé ọmọ kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín abo ẹṣin ìbísí ní Newmarket, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kòkòrò tuntun kan tí wọ́n wá sọ ní Taylorella equigenitalis ló fà á. Akọ tó ń gbé e kiri kò ṣàìsàn rárá. Inú kòtò tó yí ihò ìtọ̀ ká, nínú àpò kékeré yẹn, àti nínú ìṣẹ́po àkọ̀ ni ó ń gbé, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń mú àpẹẹrẹ fún àyẹ̀wò títí di òní. Kì í ṣe ìgùn nìkan ló ń tàn án ká. Ọwọ́ olùtọ́jú àti omi tí a jọ lò ń gbé e pẹ̀lú.

Ẹ gé èékánná yín. Ẹ bọ́ òrùka.

Kí ẹṣin tó gbà

Ẹṣin tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn lábẹ́ rí kò ní dúró fún yín lọ́jọ́ kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú. Lójoojúmọ́, bí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín rìn láti ẹ̀gbẹ́ dé ikùn, láti ikùn dé iwájú àkọ̀. Bó bá gbé ẹsẹ̀, ẹ dúró níbi tí ọwọ́ yín dé, ẹ má fà á kúrò lójijì, torí bí ẹ bá sá, ó ti kọ́ ohun tí yóò máa ṣe. Bó bá fẹsẹ̀ balẹ̀, ẹ mú ọwọ́ kúrò, ẹ yìn ín. Ọ̀la tún ń bọ̀.

Ibi tí ẹ ó dúró sí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe mọ ẹṣin náà lọ. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, kí èjìká yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìhà rẹ̀, kí ojú yín kọ sí ìrù. Ọwọ́ òsì á wà lórí ẹ̀yìn rẹ̀, láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bí ara rẹ̀ bá le. Ọwọ́ ọ̀tún ni yóò ṣiṣẹ́. Ẹ má kúnlẹ̀, ẹ má jókòó sórí àpótí, ẹ má sì gbé orí yín sí abẹ́ ikùn rẹ̀ láti wo ohun tí ẹ ń ṣe. Ọwọ́ ni ẹ ó fi ríran. Ẹṣin lè fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá síwájú, nígbà mìíràn kì í ṣe ẹ̀yin ló ń bá jà, eṣinṣin ló fẹ́ lé. Ìdí nìyẹn tí òwúrọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́, nígbà tí eṣinṣin kò pọ̀, fi dára jù.

Ẹni tó di okùn mú gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú yín. Bí ẹṣin bá bínú, ẹni náà á fa orí rẹ̀ sọ́dọ̀ yín, ìdí rẹ̀ á sì yí kúrò lọ́dọ̀ yín. Bó bá wà ní òdìkejì tó fa orí sọ́dọ̀ ara rẹ̀, orí yín ni ìdí ẹṣin ń bọ̀. Mo ti rí olùtọ́jú tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti kékeré tí kò mọ èyí, oríire ló ń jẹ.

Bí ẹṣin kò bá gbà rárá, ẹ má so ó mọ́ òpó kí ẹ máa fi agbára ṣe é. Ẹ pe dókítà ẹran kó fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ara balẹ̀. Irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ tún máa ń jẹ́ kí okó sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ á sì rọrùn. Ẹ má ra abẹ́rẹ́ yìí lọ́jà kí ẹ gún un fúnra yín. Acepromazine, tí àwọn kan máa ń wá kiri, lè mú kí okó akọ tí a kò tẹ̀ yọ síta kó má lè padà mọ́. Kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bó bá ṣẹlẹ̀, okó náà lè bàjẹ́ pátápátá.

Ìwẹ̀ náà

Ẹ kọ́kọ́ fi omi rin ìta àkọ̀ àti àárín itan. Ẹ jẹ́ kó mọ bí omi yẹn ṣe rí lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ rin òwú gbingbin, kí ẹ rọra fi wọ ẹnu àkọ̀, kí ẹ fún un kí omi ṣàn sínú. Ẹ ju òwú yẹn nù, ẹ mú òmíràn. Ẹ ó máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí èyí tó rọ̀ nínú èérí á fi máa bá omi jáde.

Bí okó bá sọ̀kalẹ̀, ẹ dì í mú pẹ̀lẹ́, kó má le koko, kó má sì bọ́. Bí ẹ bá fà á, á ká a wọlé. Bí kò bá sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ yín lè wọlé láti inú àkọ̀ lọ bá a, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ gé èékánná. Ẹ fi ìka tó ní òróró lọ yíká inú ìṣẹ́po méjèèjì. Ibi tó bá le, tó dà bíi pé nǹkan gbẹ mọ́ ọn, ẹ fi òróró pa á kí ẹ fi í sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí tó bá rọ̀ á bó fúnra rẹ̀. Èyí tí kò bá bó, ẹ má fi èékánná họ ọ́, ẹ má ṣí i bí ẹni ń ṣí èépá. Ẹ fi òróró sí i, ó di ọ̀la. Ibi tí ẹ bá fi ipá ṣí á ṣẹ̀jẹ̀, eṣinṣin á sì gbọ́ òórùn rẹ̀.

Wàyí o, kóró èérí. Àpò tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn lókè ihò ìtọ̀, ibẹ̀ ni èérí máa ń ṣù sí, á le, á di kóró. Ó lè tó ẹyọ ẹ̀wà kan, ó sì lè tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bó bá tóbi, á máa tẹ ihò ìtọ̀, ìtọ̀ á máa fọ́n ká, inú lè máa bí ẹṣin bí ẹ bá gùn ún láì mọ ìdí. Ẹ fi ìka kan tó ní òróró wá etí kòtò náà, kí ẹ rọra yí i ká. Bí ẹ bá kan ohun líle, ẹ fi òróró sí i, kí ẹ máa fi ìka ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi yí jáde. Nígbà mìíràn á fọ́ sí wẹ́wẹ́, ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde. Ìka nìkan ni ẹ ó lò, kì í ṣe igi, kì í ṣe ọwọ́ ṣíbí, kì í ṣe nǹkan irin kankan. Ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ wọ inú ihò ìtọ̀ fúnra rẹ̀. Bí kóró náà bá tóbi ju ẹnu àpò lọ tí kò fẹ́ jáde, iṣẹ́ dókítà ni.

Ẹ wá fi omi púpọ̀ ṣàn án. Òróró tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀ á kó eruku. Fún ẹṣin tó ń ṣiṣẹ́ etí òkun l'Ékòó, tí iyanrìn ń fẹ́ sí lábẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́, òróró tí a kò ṣàn kúrò burú ju èérí tí ẹ fọ̀ lọ. Ẹ má ti ẹnu họ́ọ̀sì bọ inú àkọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lo họ́ọ̀sì, kí omi máa ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ láti ìta. Ẹ nu ìta gbẹ, ẹ fi inú sílẹ̀.

Abo ẹṣin náà ńkọ́?

Abo kò ní àkọ̀, ṣùgbọ́n ó ní àárín ọmú. Ọmú méjì ló ní, èérí dúdú sì máa ń lẹ̀ mọ́ àárín wọn. Bó bá ń yún un, á máa fi ìdí họ ògiri títí irun ìrù rẹ̀ á fi já. Ẹ fi òwú tútù àti òróró díẹ̀ nù ún kúrò. Bí ìrù bá ṣì ń yún un lẹ́yìn èyí, ó lè jẹ́ aràn ìdí, Oxyuris equi, ọ̀rọ̀ oògùn aràn nìyẹn.

Ojú ara abo, ìta nìkan ni ẹ ó nù, láti òkè wá sísàlẹ̀, òwú kan fún ìnù kan. Ẹ má kan inú. Bí abo bá lóyún tó sì kù díẹ̀ kó bí, ẹ ó rí nǹkan bí ìda lórí ọmú rẹ̀. Ẹ má nù ún, ẹ fi sílẹ̀. Àmì pé ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ni.

Ohun tí omi kò lè wẹ̀

Ariwo kan máa ń jáde láti abẹ́ akọ ẹṣin bó bá ń sáré kúkúrú, ó ń dún gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn kan gbà pé omi tàbí ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé tó ń jáde nínú àkọ̀ ni, ó sì sábà máa ń dún bí iṣan ikùn ẹṣin bá le. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fọ̀.

Wíwú yàtọ̀. Bí àkọ̀ bá wú lẹ́yìn tí ẹṣin dúró nínú ibùso fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ mú un rìn. Bí wíwú náà bá lọ sílẹ̀, àìrìn ló fà á. Ṣùgbọ́n bí wíwú náà bá bá ikùn àti ẹsẹ̀ lọ, tí ara rẹ̀ ń gbóná, tó ń rù, tí eérìgì rẹ̀ sì funfun, ẹ má wẹ nǹkan kan. Ilẹ̀ igbó wa lẹ wà, àìpọ̀ eṣinṣin tsetse tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ló sì jẹ́ kí Ọ̀yọ́ Ilé tó wà ní ọ̀dàn lè kó agẹṣinjagun jọ, nígbà tí ẹṣin kì í pẹ́ kú nísàlẹ̀ níhìn-ín. Kòkòrò tí eṣinṣin yìí ń gbé kiri, trypanosoma, ń mú kí abẹ́ ẹṣin wú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi í hàn. Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn, ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, àti ti Yunifásítì Ìlọrin wà fún irú èyí.

Egbò tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lórí okó, tó ń hù bí ẹran tuntun tí kò sì jinná, lè jẹ́ iṣẹ́ Habronema. Aràn inú ikùn ẹṣin ni, eṣinṣin ló ń gbé ọmọ rẹ̀ wá sí ibi tó bá tutù tàbí tó bá ní ọgbẹ́. Ivermectin ni dókítà sábà máa ń lò fún un, àmọ́ bí ìgbẹ́ ẹṣin bá kún ibùso, á padà.

Kókó kéékèèké tó ń pọ̀ sí i, tàbí ojú kan tó ń rà, pàápàá lára ẹṣin àgbà tí awọ okó rẹ̀ pupa, ẹ mú u lọ́kùn-ún-kúndùn. Jẹjẹrẹ awọ ló wọ́pọ̀ jù nínú ìwúlé tó ń yọ níbẹ̀, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní EcPV2 sì ni wọ́n máa ń bá nínú púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá rí i nígbà tó ṣì kéré, a lè gé e kúrò. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ máa wò ó, kódà bí ẹ kò bá ní fọ nǹkan kan.

Ọ̀kan wà tí kò lè dúró di ọ̀la: okó tó yọ síta, tó wú, tí kò lè wọlé mọ́. Pàṣán wà lára ohun tó máa ń fà á. Akọ á rí abo, okó á yọ, olùtọ́jú á sì nà án níbẹ̀ kí ojú má bàa tì í níwájú àwọn èrò. Ẹ kìlọ̀ fún wọn gidigidi. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ máa da omi tútù sí i bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ fi òróró pa á kó má gbẹ, ẹ wá aṣọ mímọ́ tó fẹ̀ kí ẹ fi gbé e sókè mọ́ ikùn kó má máa fì, kí ẹ dè é sókè lórí ẹ̀yìn ẹṣin. Kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí tán, kí ẹnì kan ti máa pe dókítà, kó sọ fún un pé okó ẹṣin ti jáde, ìgbà tó jáde, bó ṣe tóbi tó, àti bóyá ẹṣin náà ti tọ̀ látìgbà yẹn.